Níbo ni kí a gbé ní London? Ìfiwéra Peckham, Dagenham, Upton Park àti Thamesmead

Ìbéèrè tí àwọn ará ilé tó ń palẹ̀ mọ́ láti Ìbàdàn tàbí Èkó máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ibo ni àwọn Yorùbá pọ̀ sí jù níbẹ̀?" Ìbéèrè náà kò burú. Ẹni tó dé ilẹ̀ onílẹ̀ nígbà òtútù, tí oòrùn ń wọ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó yẹ kó rí ẹni tí yóò kí i pé ẹ kú ewu ọ̀nà. Àmọ́ ọdún 16 rèé tí mo ti wà ní London, àdúgbò mẹ́ta ni mo sì ti gbé, ìbéèrè mìíràn lèmi náà máa ń bi wọ́n padà: àwọn wo lẹ fẹ́ kí ọmọ yín bá dàgbà?

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2021, bíi mílíọ̀nù 8.8 ènìyàn ni wọ́n kà ní London. Nínú ènìyàn 10, ó lé ní mẹ́rin tí wọ́n bí sí òkè òkun. Àwọn òyìnbó tó pe ara wọn ní ọmọ ilẹ̀ Bírítéènì jẹ́ nǹkan bíi 37 nínú 100. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé oríṣiríṣi ẹ̀yà ló wà ní àdúgbò kan ní London, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ibi tí ẹ̀yà mẹ́wàá ń gbé ní òpópónà kan wà, tí ẹnìkan kò mọ orúkọ ẹnìkejì. Ibi tí ẹ̀yà mẹ́ta péré wà tún wà, tí aládùúgbò yín láti Bangladesh yóò bá yín mú ọmọ dé ilé ìwé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá ká yín mọ́.

Ohun tí mo fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni ìdàpọ̀ gan-an, kì í ṣe iye ẹ̀yà lórí ìwé. N kò tíì rí òṣùwọ̀n tó dára ju ẹnu ọ̀nà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ. Ẹ lọ dúró síbẹ̀ ní aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, nígbà tí àwọn òbí ń dúró de ọmọ. Bí àwọn ìyá tó wọ híjáàbù bá wà lápá kan, tí tiwa wà lápá kan, tí àwọn òyìnbó wà lápá kẹta, ẹ ti rí àdúgbò náà nìyẹn. Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó di ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ mú nítorí pé ìyá rẹ̀ kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé, tí àwọ̀ àwọn méjèèjì kò sì jọra, ẹ tètè wádìí iye tí wọ́n ń gba ilé níbẹ̀.

Èkejì ni owó ilé, pẹ̀lú ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà rò: bó bá gbówó lórí lọ́dún mẹ́ta sí i, ṣé a óò lè dúró? Àdúgbò tí ẹ ò lè dúró sí, ẹ ò lè mọ ará ibẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹ̀kẹrin ni ìtàn àdúgbò náà lórí ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà, torí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í tètè tán nílẹ̀. Ẹ̀karùn-ún ni nǹkan tiwa: èlùbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí, ẹni tí yóò kí yín lédè yín. N kò fi ọ̀rọ̀ olè àti jàǹdùkú ṣe òṣùwọ̀n lọ́tọ̀, nítorí pé òpópónà sí òpópónà lèyí máa ń yàtọ̀ ní London.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òfin kí n tó máa lọ. Ẹni tó bá wá pẹ̀lú físà iṣẹ́ tàbí ti akẹ́kọ̀ọ́, ilé káńsù, ìyẹn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ ń fi háyà, kò sí fún un. Ọ̀dọ̀ onílé aládàáni ni yóò ti háyà ilé. Láti 2016, dandan ni káàkiri England kí onílé yẹ ìwé ìgbélùú ayálégbé wò, nítorí náà ẹ má rò pé ìwọ̀sí ni bí wọ́n bá béèrè tiyín. Owó ìdógò kò gbọ́dọ̀ ju owó ilé ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ fún ilé tí owó rẹ̀ kò tó £50,000 lọ́dún, òfin 2019 ló sọ bẹ́ẹ̀; láàárín ọjọ́ 30, onílé gbọ́dọ̀ ti fi owó náà sábẹ́ ètò ìdáàbòbò tí ìjọba fọwọ́ sí. Kí onílé kọ ayálégbé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ti lòdì sófin láti 1968. Kí òfin yẹn tó dé, onílé lè kọ ọ́ sójú fèrèsé pé òun kò gba aláwọ̀ dúdú. Báǹkì kì í sì í fẹ́ yá àwọn ará Káríbíánì lówó, ni wọ́n bá ń dá èsúsú láàárín ara wọn, wọ́n ń fi ra ilé ní Brixton àti láwọn ibòmíràn. Pardner ni àwọn ará Jàmáíkà ń pè é. Susu ni àwọn ará Trinidad ń pè é, orúkọ yẹn kò sì ṣàjèjì sí wa.

Peckham: tiwa láàárọ̀, tẹlòmíràn lálẹ́

Àwọn kan ń pè é ní Èkó Kékeré. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Peckham Rye, ẹ yà sí Rye Lane, òórùn ẹja gbígbẹ ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín. Iṣu wà níta, pọ̀nmọ́ wà, ata rodo wà nínú abọ́, onídìrí sì ń pe yín láti ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n Yorùbá nìkan kọ́ ló ń tajà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ gíga LSE ka àwọn ọlọ́jà òpópónà yẹn ní 2012, orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti wá lé ní 20. Ará Afghanistan ló ń ta iṣu fún mi, ó sì mọ èyí tí yóò gún iyán yàtọ̀ sí èyí tó dára fún àsáró. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo lè gba ẹni mẹ́rin: ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́nu ọ̀nà, ẹni tó ń bá yín fowó ránṣẹ́ sílé, onídìrí lọ́wọ́ ẹ̀yìn, aránṣọ ní kọ̀rọ̀. Báyìí ni àlejò tí kò lówó lọ́wọ́ ṣe ń rí ibi bẹ̀rẹ̀ òwò. Mo fẹ́ràn Peckham dọ́kàn nítorí èyí.

Ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ló ni Peckham, ẹni kan nínú mẹ́rin ló sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní Southwark ní 2021. Ọgbẹ́ wà lára àdúgbò náà o. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2000, Damilola Taylor, ọmọ ọdún 10 tí kò tíì pẹ́ tó ti Nàìjíríà dé, kú síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n gún un lẹ́sẹ̀ nígbà tó ń ti ilé ìkàwé bọ̀. Èmi kò tíì dé London nígbà náà, ṣùgbọ́n àwọn òbí tó wà níbẹ̀ ṣì máa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí wọ́n bá dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ti wó púpọ̀ nínú àwọn ilé ìjọba tó wà ní àríwá Peckham ìgbà yẹn. Ilé ìkàwé náà ṣì wà. Ọdún 2000 kan náà ni wọ́n ṣí i, ó sì gba ẹ̀bùn Stirling tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ayàwòrán ilé sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i kí ọmọ Yorùbá, ọmọ Vietnam àti ọmọ òyìnbó yí tábìlì kan ká, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Owó ni ìṣòro Peckham. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Overground ti dé ibẹ̀ ní ìparí 2012, tí ó so ó pọ̀ tààrà mọ́ ìhà ìlà-oòrùn àti Clapham, ilé di ọ̀wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí iṣẹ́ wọn ń mówó wọlé kó dé, ilé ọtí sì wà lórí òrùlé ilé ìgbọ́kọ̀sí. Lórí ìwé, ẹ̀yà tún wá pọ̀ sí i. Lójú tèmi, wọ́n kàn ń gba ọ̀nà kan náà kọjá ni: tiwa ni Rye Lane láàárọ̀, tiwọn ni lálẹ́. Púpọ̀ nínú àwọn Yorùbá tí ẹ óò rí níbẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé ni kò gbé ibẹ̀ mọ́. Láti Thamesmead, láti Dagenham, àní láti Kent, ni wọ́n ti wá ra èlùbọ́, wọn a sì padà síbi tí apá wọn ká owó ilé. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Peckham ló wọ́n jù.

Dagenham: ibi tí gbogbo nǹkan ti yí padà láàárín ogún ọdún

Láàárín 1921 sí 1935 ni wọ́n kọ́ Becontree, àgbègbè ilé ìjọba tó wà ní Dagenham, bíi 26,000 ilé, fún àwọn òṣìṣẹ́ tó há mọ́ inú àwọn ilé hẹ́gẹhẹ̀gẹ ní ìlà-oòrùn London. Kò sí àgbègbè ilé ìjọba tó tóbi tó o láyé nígbà náà. Ní 1931, Ford ṣí ilé iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, bàbá á ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, láti 1980, ìjọba gba àwọn tó ń gbé ilé káńsù láàyè láti ra ilé tí wọ́n wà. Ọ̀pọ̀ rà á, wọ́n tún tà á tàbí kí wọ́n fi í gba owó lọ́wọ́ ayálégbé, bẹ́ẹ̀ ni Dagenham ṣe di ọ̀kan nínú àwọn ibi tí ilé ti dínwó jù ní London. Ní 2002, Ford dáwọ́ dúró níbi kíkan mọ́tò níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló kù tí wọ́n ń ṣe. Ìgbà tí iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yẹn náà ni àwa ń dé, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì so méjèèjì pọ̀.

Ẹ wo ìṣirò ìjọba ìbílẹ̀ Barking àti Dagenham: ní 2001, òyìnbó ọmọ Bírítéènì jẹ́ 81 nínú 100. Ní 2011, ó ti di 49. Ní 2021, 31. Ní 2006, ẹgbẹ́ òṣèlú BNP, tí kò fẹ́ rí àlejò sójú, gba àga 12 ní káńsù ibẹ̀. Ní 2010, gbogbo rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò ku ẹyọ kan. Ẹ má ka ìṣirò yẹn gẹ́gẹ́ bí ìṣẹ́gun nìkan. Àwọn tó dìbò fún wọn, àdúgbò ló pàdánù lójú wọn, kò sì sẹ́ni tó jókòó bá wọn sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Ní 2013 tí a kó lọ síbẹ̀, oṣù mẹ́jọ ni bàbá òyìnbó tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa kò fi dá kíkí wa padà. Kò bú wa, kò ṣe wá ní nǹkan kan, ó kàn ń wo ibòmíràn ni. Ọjọ́ kan tí ọkọ mi ṣí orí ọkọ̀ wa sílẹ̀ níwájú ilé, tó ń wá ibi tí omi ti ń jò, bàbá náà jáde. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó nawọ́ sí ibì kan, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn kọ́. Wo ìsàlẹ̀." Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní Ford, irú ẹ́ńjìnnì yẹn gan-an ló sì ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Láti ọjọ́ náà, a di ojúlùmọ̀. Òun ló sọ fún mi pé ní òpópónà wa, nígbà kan, kò sí ilé tí kò mọ òun tàbí ìyàwó òun, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di ọdún tí a dé, ilé méjì péré ló kù tó mọ̀.

Àléébù Dagenham gan-an nìyẹn, ó sì ń bá gbogbo wa jà, dúdú àti funfun. Ilé háyà pọ̀, ènìyàn ń wọlé, ènìyàn ń jáde, kí ẹ tó mọ orúkọ ọmọ wọn, wọ́n ti kó lọ. Àwọn ará Romania wà, Lithuania wà, Pakistan wà, Gánà wà. Ìdàpọ̀ ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó gba sùúrù. Ọkọ̀ ojú irin District ló ń gbé yín wọ àárín ìlú, sóònù 5 ni nínú ìpín tí wọ́n fi ń ṣírò owó ọkọ̀, ó sì máa ń gba àkókò. Ohun tó fa ọ̀pọ̀ ìdílé wa síbẹ̀ ni ilé tó ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀, tó ní ọgbà lẹ́yìn tí ọmọ lè sáré nínú rẹ̀, ní owó tí kò ní ra ju yàrá kan lọ fún yín ní Peckham. Ṣọ́ọ̀ṣì wa pọ̀ níbẹ̀ ju bí ẹ ti rò lọ, ẹ̀fọ́ àti èlùbọ́ sì wà ní Dagenham Heathway.

Upton Park: kò sí ẹni tó pọ̀ jù

Ní Newham, ìjọba ìbílẹ̀ tó ni Upton Park àti East Ham, ẹ̀yà tó pọ̀ jù kò tó 20 nínú 100. Àwọn ọmọ Bangladesh ló ṣáájú, òyìnbó ọmọ ilẹ̀ tẹ̀ lé wọn, àwa ọmọ Áfíríkà, àwọn ará Íńdíà àti Pakistan ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìyàtọ̀ ńlá lèyí ń dá sílẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà kan bá ti pọ̀ jù, ó lè fi ara rẹ̀ tó ara rẹ̀. Níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti pọ̀ tó, dandan ni kí wọ́n máa bára wọn ṣe. Mo gbé ibẹ̀ ọdún méjì, àwọn ọ̀rẹ́ tí mo ní níbẹ̀ ni mo ṣì ń pè lọ́jọ́ ìṣòro títí dòní, ọ̀kan péré nínú wọn ló sì gbọ́ Yorùbá.

Lórí Green Street, wúrà àti aṣọ sárì ló kún ojú fèrèsé. Ẹ wọ Queen's Market, ẹja odò Bangladesh wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹja tiwa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èso tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí tí mo fi kúrò. Nígbà tí wọ́n gbé ètò wá láti wó ọjà yẹn kọ́ ilé gogoro, àwọn ọlọ́jà àti oníbàárà jọ dìde sí i, ọdún mélòó kan ni wọ́n fi jà. Ní 2009, olórí ìlú London kọ ètò náà. Kò sí ohun tó fi ìdàpọ̀ hàn mí tó ìyẹn: ohun kan wà tí gbogbo wọn jọ ń dáàbò bò. Fún Mùsùlùmí ilẹ̀ wa, ibẹ̀ tún rọrùn púpọ̀, ẹran halal àti mọ́ṣáláṣí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni.

Ìlà-oòrùn London ti mọ gbígba àlejò tipẹ́. Ní Brick Lane, ní Tower Hamlets tí kò jìnnà síbẹ̀, ilé kan wà tí àwọn Kirisẹ́nì tó sá ti ilẹ̀ Faransé wá kọ́ ní 1743. Ó di ilé ìjọsìn àwọn Júù ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì di mọ́ṣáláṣí ní 1976. Ògiri kan náà ni.

Ìpọ́njú Newham ni pé ilé há. Yàrá ni ọ̀pọ̀ ń háyà, kì í ṣe ilé, àwọn onílé kan sì máa ń kó ènìyàn jọ bí ẹrù. Ní 2013, káńsù fi òfin lé e pé kí onílé aládàáni káàkiri ìlú náà gba ìwé àṣẹ. Ẹ béèrè ìwé náà kí ẹ tó sanwó. Kí òfin yẹn tó dé ni mo ti háyà tèmi, àwa ìdílé mẹ́ta la jọ ń lo ilé ìdáná kan, òtútù sì ń gba ara ògiri wọlé títí àbíkẹ́yìn mi fi ń wúkọ́ láti oṣù kọkànlá dé oṣù kẹta. Ohun tó lé wa kúrò níbẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àwọn ènìyàn ibẹ̀.

Thamesmead: níbi tí ẹ óò ti gbọ́ Yorùbá ní ibùdókọ̀

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lórí ilẹ̀ àbàtà létí odò Thames, pẹ̀lú adágún àti ojú omi láàárín ilé. Òyìnbó ló kọ́kọ́ kún ibẹ̀, wọn kò sì gba àwọn tó dé lẹ́yìn tọwọ́ tẹsẹ̀. Ní 1991, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó pa Rolan Adams, ọmọ dúdú ẹni ọdún 15, síbẹ̀. Ní 1993, wọ́n pa Stephen Lawrence, ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn, ní Eltham tí kò jìnnà. Ìwádìí Macpherson lórí ikú Stephen sọ ọ́ gbangba ní 1999 pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti wọ inú ètò iṣẹ́ ọlọ́pàá London. Ẹni tó bá mọ ìtàn yẹn, tó wá dúró ní ibùdókọ̀ Thamesmead lónìí, tó gbọ́ tí ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ wí ní èdè Ìjẹ̀ṣà, yóò mọ̀ pé ọ̀nà tí wọ́n rìn kò kúrú.

Bí àárò ilé bá ń sọ yín, ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Àṣìṣe kan ni kí ẹ má ṣe: ẹ má rò pé pípọ̀ tí a pọ̀ níbẹ̀ ni ìdàpọ̀. Ọmọ lè dàgbà níbẹ̀ kó má ní ọ̀rẹ́ kan tí kì í ṣe ọmọ Áfíríkà, àfi bí ẹ bá mú un jáde lọ sí Plumstead níbi tí àwọn ará Nepal pọ̀ sí, tàbí Woolwich. Ọkọ̀ ti dára sí i: láti 2022, ọkọ̀ ojú irin Elizabeth line ń gbéra láti Abbey Wood tó wà nítòsí, ìṣẹ́jú 11 péré sí Canary Wharf níbi tí ọ́fíìsì pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n kò sí ibùdókọ̀ ojú irin nínú Thamesmead fúnra rẹ̀, bọ́ọ̀sì lẹ óò wọ̀ débẹ̀. Àjọ ilé Peabody, tó ń bójú tó púpọ̀ nínú ibẹ̀ láti 2014, ń tún apá kan kọ́, nítorí náà ẹ wádìí bóyá ilé tí ẹ fẹ́ háyà wà lára èyí tí wọ́n fẹ́ wó.

Àwọn kan yóò béèrè nípa Thurrock, Dartford àti Gravesend tó ti bọ́ sẹ́yìn London. Tiwa ń kó lọ síbẹ̀ púpọ̀, ilé sì fẹ̀ sí i. Ọmọ yín lè jẹ́ dúdú kan ṣoṣo ní kíláàsì láwọn ibì kan. Ẹ kọ́kọ́ bi ọmọ náà léèrè, bó bá ti dàgbà tó.

Ta ló yẹ kó gbé ibo?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹni tó ń dá gbé, tó ń wá iṣẹ́ àti ojúlùmọ̀: ẹ wá yàrá ní Upton Park, ẹ máa lọ sí Peckham lọ́jọ́ Sátidé. Ẹni tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù dìrí, aṣọ tàbí oúnjẹ wa, Peckham ni ọjà wà, àmọ́ ẹ má gbé níbi tí ẹ ti ń tà á. Nọ́ọ̀sì àti olùtọ́jú arúgbó tí iṣẹ́ wọn wà ní gúúsù ìlà-oòrùn, tí wọ́n ń fi ìyá àgbà sílé pẹ̀lú ọmọ, Thamesmead ni mo mú fún yín. Ìyá àgbà kò ní dá nìkan wà níbẹ̀. Ìdílé Mùsùlùmí tí ọmọ wọn ṣì kéré, Upton Park, bí ẹ bá lè rí ilé tó gbẹ tó sì ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti tó mẹ́ta, tó fẹ́ gbé ojú kan fún ọdún mẹ́wàá, Dagenham ni.

Èmi ṣì wà ní Dagenham. Bàbá Ford ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Essex, ìdílé kan láti Romania ló ra ilé rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, èmi ni mo ń mú ọmọ wọn àti àbíkẹ́yìn mi lọ sílé ìwé, ìyá rẹ̀ ló ń kó wọn bọ̀ ní aago mẹ́ta.